Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì àti ẹ̀rọ AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá: ta ni yóò dá wa lóhùn?

Ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó lé iṣẹ́ náà, àti ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ ń kọ ìwé àdéhùn gbọọrọ tí gbogbo ayé ń fọwọ́ sí láì kà á, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kì í ṣe ìjọba kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òfin máa wọ inú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ béèrè wà níkàáwọ́ yín lónìí yìí. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fi òfin mú yín.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ̀rọ yín bá ṣe wá léṣe, tàbí tó já wa kulẹ̀, tàbí tó ṣe ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ wa tí a kò sì mọ ìdí rẹ̀, ta ni yóò dá wa lóhùn? Mo ní ta ni o. Ẹ̀rọ ń dá wa lóhùn tọ̀sán-tòru, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ènìyàn ni mò ń béèrè, ẹni tó ní orúkọ, tó sì láṣẹ láti yí ìpinnu padà.

Ẹ má rò pé ọ̀tá ẹ̀rọ ni mí. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ mi. AI ń bá mi ka ìwé gígùn kí n tó mọ apá tó yẹ kí n fara balẹ̀ kà, ó ń bá mi wá àṣìṣe nínú àkọsílẹ̀, ó ń bá mi túmọ̀ èdè tí mi ò gbọ́. Nílé, rọ́bọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ kan ló ń gbálẹ̀, mi ò sì ṣe tán láti dá a padà. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro mọ iyì ohun tó lè wọ abẹ́ àga lọ bá a kó eruku.

Mo sì mọ bí iṣẹ́ yín ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1961 ni wọ́n gbé Unimate, rọ́bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ ilé-iṣẹ́ General Motors, àwọn tó ń ṣe mọ́tò, ní New Jersey nílẹ̀ Amẹ́ríkà. George Devol ló ronú kàn án, Joseph Engelberger ló bá a sọ ọ́ di òwò. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó máa fa irin gbígbóná yọ látinú ẹ̀rọ tó rọ ọ́, iṣẹ́ tó lè jó òṣìṣẹ́ lára, tó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ta ló máa bínú sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nítorí pé apá onírin ló ń kọ́kọ́ wọ ibi tí ewu wà. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, àjọ International Federation of Robotics ti ka rọ́bọ́ọ̀tì tó lé ní 4,000,000 tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi bú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún 1979. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ẹni ọdún 25 gun ibi tí wọ́n ń to irin jọ sí ní ilé-iṣẹ́ Ford ní Flat Rock, ní Michigan, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń kó irin níbẹ̀ gbá a, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà lẹ́jọ́. Ní 1983, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ní kí ilé-iṣẹ́ náà san 10,000,000 dọ́là, nítorí pé ohun tó yẹ kó dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà kò tó.

Owó kò jí òkú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni pé ẹjọ́ náà kò dúró sórí rọ́bọ́ọ̀tì. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Ìyá tó pàdánù ọmọ mọ ẹni tí òun lè tọ́ka sí. Ẹnì kan dìde ní ilé ẹjọ́, ó sì ní láti sọ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n kò ṣe.

Ẹ wá fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ní 2022, ìyá àgbà ọkùnrin kan kú. Ó lọ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada láti béèrè nípa ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń lọ sìnkú. Ẹ̀rọ tó ń fèsì níbẹ̀ sọ fún un pé kó ra tíkẹ́ẹ̀tì náà ní iye tó wà, kó wá kọ̀wé béèrè ẹ̀dínwó láàárín 90 ọjọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kọ̀wé, wọ́n ní rárá, òfin àwọn kò gba ẹni tó ti rin ìrìn àjò rẹ̀ tán. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Civil Resolution Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kéékèèké ní British Columbia. Ẹ gbọ́ ohun tí àwíjàre ilé-iṣẹ́ náà já sí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá ẹjọ́ náà ṣe kọ ọ́ sílẹ̀: pé ẹ̀rọ náà jẹ́ ohun tó dá dúró lábẹ́ òfin, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ru ẹrù ohun tó bá sọ. Ẹni tó dá ẹjọ́ náà ní àwíjàre yìí ya òun lẹ́nu. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ní kí ilé-iṣẹ́ náà san owó náà. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú èlé àti owó ẹjọ́, fi díẹ̀ lé ní 812 dọ́là Kánádà.

Owó kékeré ni. Síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kà á, nítorí mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Láti 1983 sí 2024, a ti kúrò níbi tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ti ń dúró síwájú ẹ̀rọ rẹ̀, a ti dé ibi tí olówó ẹ̀rọ ti fẹ́ sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ilé olówó ajá là ń lọ, a kì í dúró bá ajá rojọ́. Kí ló dé tí ó wá di ohun tí a ń jiyàn lé lórí nígbà tí ẹ̀rọ dé?

Ẹ jẹ́ n mú yín wọ inú ilé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára jù.

Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀ nílé mi máa ń ya àwòrán ilé bó ṣe ń lọ, kó lè mọ ibi tó ti gbá àti ibi tó kù. Àwòrán náà máa ń wà lórí fóònù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i, mo kàn rò pé ó dára. Pálọ̀ rèé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rèé, bẹ́ẹ̀dì hàn bí ihò onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ kò lè wọ̀. Mo wá ń wò ó fínnífínní. Ní yàrá ìyá mi, ojú ọ̀nà kan wà tó lọ tààrà láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, kò sí àga, kò sí tábìlì, kò sí ohunkóhun lójú ọ̀nà náà. Àwa la kó gbogbo rẹ̀ kúrò kí wọ́n má baà kọsẹ̀ lóru. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àmì róbótó mẹ́rin kéékèèké to ara wọn: ẹsẹ̀ ohun tí wọ́n fi ń rìn nìyẹn. Ẹni tó bá mọ àwòrán kà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó ti mọ̀ pé àgbàlagbà kan ń gbé nínú ilé yìí, pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ó sì mọ yàrá tí wọ́n ń sùn.

Mo wá ìwé àdéhùn jáde, mo kà á. Ó ní wọ́n lè fún "àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́" ní àwòrán náà. Ta ni wọ́n? Kò sọ. Mo kọ̀wé béèrè, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tún da ìwé àdéhùn kan náà padà sọ́wọ́ mi.

Ẹ kò lè sọ pé ìfura lásán ni mò ń ṣe. Ní ìparí ọdún 2022, ìwé ìròyìn MIT Technology Review gbé ìròyìn jáde nípa àwòrán tí Roomba, rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀, èyí tí wọ́n ṣì ń dán wò, yà nínú ilé àwọn ènìyàn ní 2020. Ọ̀kan nínú àwòrán náà ni ti obìnrin kan tó jókòó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. iRobot, tó ni rọ́bọ́ọ̀tì náà, fi àwòrán ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ míì tó ń jẹ́ Scale AI kí wọ́n bá wọn fi orúkọ sí ohun tó wà nínú rẹ̀, èyí ni àga, èyí ni ènìyàn, kí ẹ̀rọ lè kọ́ ìyàtọ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Venezuela pín àwòrán náà láàárín ara wọn lórí Facebook. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ìdánwò ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà, àti pé àwọn tó gbà á sílé ti fọwọ́ sí ìwé. Mo gbà pé wọ́n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, díẹ̀ nínú àwọn tó kópa sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn kò mọ̀ pé ojú ènìyàn ni yóò máa wo àwòrán náà. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ làwọn ń kọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohùn. Ní 2023, Amazon gbà láti san 25,000,000 dọ́là lẹ́yìn tí FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kàn án pé ó ń tọ́jú ohùn àwọn ọmọdé tó ń bá Alexa, ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì ń fèsì, sọ̀rọ̀, àti pé kò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nígbà tí àwọn òbí ní kó pa á rẹ́. Òbí sọ̀rọ̀ nípa ohùn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò dé etí ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.

Mo fẹ́ yin àwọn kan níbí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ 1X polówó rọ́bọ́ọ̀tì NEO ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, tó rí bí ènìyàn, tí iye rẹ̀ jẹ́ 20,000 dọ́là, wọn kò fi bò pé iṣẹ́ kan wà tí kò tíì lè dá ṣe. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, òṣìṣẹ́ wọn kan tó wà níbòmíràn lè máa darí rọ́bọ́ọ̀tì náà láti òkèèrè, kó máa fi ojú rẹ̀ wo inú ilé. Kò yani lẹ́nu. Láti 1997 tí kọ̀ǹpútà Deep Blue ti na Garry Kasparov, ọ̀gá àgbáyé, nínú eré chess ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé ẹ̀rọ lè ronú ju ọ̀gá lọ níbi kan. Hans Moravec, onímọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì, sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1988 pé ohun tó rọrùn fún ọmọ ọdún kan, kó rí nǹkan, kó gbá a mú, kó rìn dé ibi tó ń lọ, ló le jù fún ẹ̀rọ. Aṣọ kíká le ju eré chess lọ fún un. Nítorí náà, inú mi dùn pé wọ́n sọ òtítọ́. Ó kù kí wọ́n sọ ìyókù: ta ni ẹni tó ń wo inú ilé mi? Bó bá rí ohun tí kò yẹ kó rí, tó sì sọ ọ́ síta, orúkọ ta ni mo máa pè?

Ní ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà míràn. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ìwé béèrè iṣẹ́ ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, iṣẹ́ tó ti ń ṣe irú rẹ̀ bọ̀ tipẹ́. Kó tó pa kọ̀ǹpútà, èsì ti dé: wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ti fara balẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, àwọn kò sì lè gbà á. Ìgbà wo ni wọ́n fara balẹ̀? Ó kọ̀wé padà pé kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kó lè lọ kọ́ ọ. Ìwé náà padà sọ́wọ́ rẹ̀. Àdírẹ́sì tó ti wá kì í gba lẹ́tà. Mo jókòó tì í nígbà tó ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ ọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́.

Bí ènìyàn bá yẹ ẹ̀rọ wò, àṣìṣe rẹ̀ máa ń hàn. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Reuters ròyìn pé Amazon ti pa ẹ̀rọ kan tì tó ń bá wọn ṣa ìwé àwọn tó ń béèrè iṣẹ́. Ìwé tó ti ń wọlé fún ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ ọ́. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìwé tí ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ obìnrin bá wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fúnra wọn ló rí i. Ọpẹ́ ni pé wọ́n wò ó. Àmọ́ obìnrin tó bá fi ìwé ránṣẹ́ sí ibi tí kò sẹ́ni tó ń wò ó ńkọ́? Kò ní mọ̀ láéláé pé wọ́n ṣe òun níbi.

Àjọ EU ní Yúróòpù ti gbìyànjú díẹ̀. Láti 2018 ni òfin wọn ti sọ pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ kí ó má jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni yóò ṣe ìpinnu ńlá lórí òun, àyàfi ní àwọn ọ̀nà kan tí òfin là sílẹ̀. Òfin AI wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2025, ó ti di èèwọ̀ kí ọ̀gá máa fi AI wo ojú òṣìṣẹ́ láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí inú ń bí i, àyàfi tó bá jẹ́ fún ìlera tàbí ààbò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ pé ibi tí òfin bá dé nìkan ni ẹ máa ti bọ̀wọ̀ fún wa.

Gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀rù pé AI máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Mi ò ní fi lẹ́tà yìí ja ìjà yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti fi ojú ara mi rí ni pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbà ni iṣẹ́ ẹni tó yẹ kó dá wa lóhùn. Ẹni tó ń gbé fóònù, ẹni tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé, ẹni tó lè sọ pé "ẹ dúró, ẹ jẹ́ n lọ bá ọ̀gá mi": àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa lọ ilé. Ọ̀gá wọn ṣì wà. Àwa ni a kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹ má sì sọ fún mi pé kò sí ènìyàn mọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ènìyàn kún ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín fọ́fọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ìwé ìròyìn TIME gbé e jáde pé àwọn òṣìṣẹ́ ní Kẹ́ńyà ń gba owó tí kò tó dọ́là 2 fún wákàtí kan láti máa ka ọ̀rọ̀ ìkà àti ọ̀rọ̀ rírùn, kí ChatGPT lè kọ́ bí yóò ṣe máa yẹra fún un. Ènìyàn ni wọ́n. Ìdààmú ọkàn tó bá àwọn kan nínú wọn kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí kò wọ́n, tí ojú kò ní rí, ẹ mọ ibi tí ẹ ti ń rí ènìyàn. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ká ní ẹni tí yóò gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn oníbàárà, ẹ ní ẹ̀rọ ti ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló kù, òun ló sì mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Embodied. Wọ́n ṣe rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń jẹ́ Moxie fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 10, ó ní ojú ńlá méjì tó ń ṣẹ́, ó ń béèrè bí ọjọ́ ṣe rí lára ọmọ, ó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń mí sínú kí inú tó ń bí i lè rọ̀. Nǹkan bíi 800 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Àwọn òbí kan rà á fún ọmọ tí kì í rọrùn fún láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ náà sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé owó tí àwọn ń retí kò wọlé, àwọn máa kógbá sílé. Ibi tí Moxie ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ wà lórí kọ̀ǹpútà tó jìnnà sí ilé ọmọ náà. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti kógbá sílé, ohùn rẹ̀ máa lọ. Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn òbí, èyí tí wọ́n lè kà fún ọmọ, láti ṣàlàyé ìdí tí Moxie fi ń lọ.

Mo wo fídíò àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń sunkún. Mi ò lè wò ó tán.

Ẹ kò lè sọ pé ẹ kò mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1966 ni Joseph Weizenbaum, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì MIT, kọ nípa ELIZA, ètò kọ̀ǹpútà kan tí kò ṣe ju kó máa yí ọ̀rọ̀ ènìyàn padà sí ìbéèrè lọ. Akọ̀wé rẹ̀, tó mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ lásán ni, bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ jáde kúrò nínú yàrá kí òun lè bá a sọ̀rọ̀ àṣírí. Àgbàlagbà ni o. Ní 2019, nígbà tí wọ́n fẹ́ pa kọ̀ǹpútà tó ń gbé Jibo, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan fún inú ilé, ró láti òkèèrè, Jibo fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn tó rà á pé ó dìgbóṣe, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọkàn ènìyàn máa ń fà sí ohun tó bá ń dá a lóhùn, bí wọ́n ṣe dá wa nìyẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ń tà á. Tí ẹ bá ti mọ̀ pé ọmọ máa fẹ́ràn rẹ̀, ó ti di gbèsè lọ́rùn yín láti ronú ọjọ́ tí yóò lọ, kí ẹ tó fi sínú páálí.

Àwọn ènìyàn Embodied ṣe ohun kan tó yẹ kí n sọ. Lẹ́yìn ariwo náà, wọ́n gbé ètò OpenMoxie jáde, tó jẹ́ kí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lè máa gbé Moxie ró fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó, ó ṣeé ṣe. Kí ló dé tó fi dìgbà tí ọmọ bá sunkún?

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún nìyí. Lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá ń wọ ilé, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà tí ènìyàn yóò gbé, ènìyàn tó lè sọ pé "a ṣe àṣìṣe" láì kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Bí òṣìṣẹ́ yín bá ń wo inú ilé wa tàbí tó ń gbọ́ ohùn wa, kí iná kan tàn lára ẹ̀rọ náà, èyí tí a kò lè pa láti òkèèrè, kí a sì mọ orúkọ ẹni tó ń wò. Bí ẹ̀rọ yín bá sọ fún ẹnì kan pé rárá, ì báà jẹ́ lórí iṣẹ́, lórí owó yíyá tàbí lórí ìtọ́jú, kí ìdí rẹ̀ wà níbẹ̀ ní èdè tó yé onítọ̀hún, kí ẹnì kan sì fọwọ́ sí i. Mo ní kó fọwọ́ sí i nítorí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wà lábẹ́ ìwé máa ń kà á kó tó fi ránṣẹ́.

Mo ti mọ ohun tí ẹ máa sọ: ó máa wọ́n jù. Ó máa wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a ti ń san owó náà. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ̀wé sí àdírẹ́sì tí kì í gba lẹ́tà ń san án. Ọkùnrin tó lo ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì san án. Ẹ kò mú owó náà kúrò nílẹ̀. Ẹ kàn gbé e kúrò nínú ìwé ìṣirò yín, ẹ gbé e lé wa lórí.

Ẹlòmíràn nínú yín á sọ pé ẹ̀rọ òde òní ti díjú, pé ẹ̀yin tí ẹ ṣe é pàápàá kò lè sọ ìdí tó fi sọ ohun tó sọ. Mo gbà, òtítọ́ ni. Ìdí gan-an nìyẹn tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ dúró fún un. Ohun tí ẹ kò bá lè ṣàlàyé, ẹ má fi í ṣe ìdájọ́ lórí ènìyàn láì jẹ́ pé ẹnì kan wà nítòsí tó lè dá a dúró.

Ẹ kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ àwọn ọmọdé. Kí ẹ tó ta rọ́bọ́ọ̀tì tó ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ, ẹ kó ètò tó ń gbé e ró fún àjọ kan tí kì í ṣe tiyín, tó lè tú u sílẹ̀ fún àwọn òbí lọ́jọ́ tí ẹ bá kógbá sílé, kí ẹ sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ míì ṣì ń ta irú rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, owó lè tán lọ́wọ́ àwọn náà nígbàkígbà. Èyí tó bá kọ́kọ́ ṣe é nínú yín, kó kéde rẹ̀, èmi náà á bá a polongo rẹ̀ fún gbogbo òbí tí mo mọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń lo iṣẹ́ ọwọ́ yín lójoojúmọ́